Owó tó tètè wọlé, owó tó kù sílẹ̀: àlàyé lórí iṣẹ́ àfikún

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù ni. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níléèwé wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni mo lè máa ṣe mọ́ èyí, tó máa tètè mówó wọlé? Owó oṣù ti tán, oṣù fúnra rẹ̀ ò tíì tán." Mo bi í pé ṣé owó tó máa tètè wọlé ló ń wá ni, àbí owó tó máa kù sí i lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni pé àlọ́ ni mò ń pa fún un. Ó ní ṣé nǹkan kan náà kọ́ ni?

Kì í ṣe nǹkan kan náà, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ iṣẹ́ àfikún ti ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Èèyàn lè máa ka owó ní alaalẹ́, kó jẹ́ pé owó ọlọ́jà ló ń kà. Ẹlòmíì á ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, á gba ₦6,000, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ tiẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni aládùúgbò máa ń rò pé ó rí jájẹ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ kan wà tó ń mówó wọlé wàrà wàrà, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Èló ni ojú owó? Ọjọ́ mélòó ni ojú owó yẹn máa lò níta kó tó padà wálé? Tó bá sì padà dé, èló ló mú bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọkọ̀, ọ̀rá, gáàsì àti àwìn? Ìbéèrè kejì yẹn ni wọn kì í sábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni ìtumọ̀ "kíákíá" gan-an.

Iṣẹ́ tí ojú owó rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹni

Tó bá jẹ́ owó òní lẹ fẹ́ rí lónìí, iṣẹ́ tí ẹ máa fara ṣe ni. Aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀, mọ́tò fífọ̀, irun dídì, fífọ ilé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó wọlé, gèlè wíwé láàárọ̀ ọjọ́ òde, bíbá wọn pín oúnjẹ níbi àríyá. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ojú owó tó pọ̀ jù lè má ju áyọ́ọ̀nù kan tàbí ike omi méjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú gèlè. Lọ́jọ́ Sátidé ní Ìbàdàn, ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó lè ní obìnrin mẹ́wàá tó ń wá ẹni tó máa bá wọn wé gèlè kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ká ní ₦2,000 lórí ẹnì kan, ₦20,000 ti wọlé kí oòrùn tó mú, owó ọkọ̀ àti pín-ìn-nì nìkan ló sì jáde. Ṣùgbọ́n òde kì í sí lójoojúmọ́. Tí Ramadan bá dé, tàbí tí àwọn ẹlẹ́sìn Kristi bá wà nínú àwẹ̀ Lẹ́ǹtì, ìgbéyàwó á dín kù, awégèlè á sì wà nílé. Owó rẹ̀ yá, kò sì ṣeé gbára lé.

Fún olùkọ́, lẹ́sìn ilé ló sún mọ́ wa jù. Ìdánwò JAMB àti WAEC máa ń bọ́ sáàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, nítorí náà láti oṣù Kìíní ni àwọn òbí ti ń wá ẹni tó máa bá wọn dá ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tó ti ń dunni ni pé wọ́n fẹ́ sanwó lópin oṣù. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹ ti yá òbí náà ní iṣẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba èlé. Èmi ti kọ́ láti gba ìdajì kí n tó ṣí ìwé. Òbí tó bá kọ ìyẹn, mo ti mọ̀ pé òpin oṣù tiẹ̀ ò ní tètè dé.

Ohun tó ń lé èèyàn sá fún iṣẹ́ báyìí ni ìtìjú. "Kí ni wọ́n máa sọ tí wọ́n bá rí mi nídìí mọ́tò tí mò ń fọ̀?" Ohun tí olùkọ́ yẹn kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mi ò ní èsì kankan fún un. Ojú máa ń ti èèyàn lóòótọ́.

Ọjà títà: owó tó wọlé, kì í ṣe tìrẹ tán

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọjà ló dáa jù, torí ojú ń rí owó. Ẹ jẹ́ ká fi zobo ṣírò, ìyẹn omi ìṣápá pupa tí gbogbo wa ń mu. Ká ní ìyá kan ná ₦9,000 lórí ìṣápá, atalẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ṣúgà, ìgò, gáàsì àti yìnyín. Ó rí ìgò 40. ₦400 ni ìgò kan, ìyẹn ₦16,000. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa jèrè ₦7,000 lójúmọ́ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ìgò mẹ́fà ti lọ síkùn àwọn ọmọ àti àwọn tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mẹ́ta kan torí iná ò sí. Ó ku 31, ìyẹn ₦12,400. Owó ọkọ̀ lọ bọ̀ jẹ́ ₦1,500. Ẹ yọ ₦9,000, ẹ yọ ₦1,500, ₦1,900 ló ṣẹ́ kù. Nínú ₦1,900 yẹn, ₦1,200 wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó gba ìgò kọ̀ọ̀kan láwìn. Owó tó wà nínú àpò ìyá yìí lóòótọ́ jẹ́ ₦700, agogo márùn-ún ìdájí ló sì ti jí. Síbẹ̀ ó ka owó tó lé ní ₦11,000 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Tó bá fi ₦3,000 ra ẹran nínú owó yẹn, á di dandan kó yáwó lọ́la kó tó lè ra ìṣápá míì.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ta zobo o. Mo ń sọ pé ẹ̀tọ́ ìyá yẹn ni kó mọ ibi tí ₦7,000 gbà lọ. Tó bá mọ̀ ọ́n, á sọ ìgò tí wọ́n ń tọ́ wò di ife kékeré kan, á dá àwìn dúró, á sì máa gbé e lọ síbi tí kò ti ní wọkọ̀. Ó lè rí ₦5,000 nínú ìgò 40 kan náà. Bó bá wá gbèrò láti lẹ orúkọ mọ́ ìgò, kó máa gbé e fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ NAFDAC ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kó má dúró kí wọ́n wá bá a.

Àwìn tọ́ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n: òṣó ni màá ló gbowó mi. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Iṣẹ́ ni òṣó yẹn, ọjọ́ ló ń gbà. Ẹni tí kò bá ní ọjọ́ tó máa fi lóṣòó, torí ó níṣẹ́ tó ń lọ láàárọ̀, kò gbọdọ̀ tajà láwìn, pàápàá fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Òwò kan wà tí ojú owó rẹ̀ kéré jọjọ, òun náà ni àwọn ìyá wa ń ṣe tí a ń pè wọ́n ní alárobọ̀. Wọ́n á gbé ọjà lọ́dọ̀ ọlọ́jà ńlá láìtíì sanwó, wọ́n á fowó díẹ̀ lé e tà á, wọ́n á dá owó ọlọ́jà padà, wọ́n á mú àjẹṣẹ́kù. Lónìí, WhatsApp ni wọ́n ń lò. Ẹ lọ sí Gbági tàbí Balógun, ẹ bá oníbáàgì kan ṣe àdéhùn, ẹ ya fọ́tò báàgì rẹ̀, ẹ gbé e sórí status. Oníbàárà á sanwó fún yín kí ẹ tó lọ rà á. Owó oníbàárà ni ojú owó yín. Èrè orí báàgì kan lè jẹ́ ₦1,500, kò sì sí báàgì tó máa kù sí yín lọ́rùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ̀ yín ò ní sanwó ṣáájú, torí gbájúẹ̀ ti ba ọjà jẹ́. Ilé ìjọsìn, ọgbà iléèwé, ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ jọ jáde ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ya owó ọlọ́kadà tó máa gbé e lọ sọ́tọ̀ kúrò lára owó báàgì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ló máa jẹ ₦1,500 yẹn.

Béèlì òkìrìkà ńkọ́? Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n afọ́jú ni béèlì, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi tú u. Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ rí sì wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjà tí kò sí. Èyí tó burú jù tí mo rí ni kí èèyàn fi owó tó yá lórí fóònù ra béèlì. Owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dá padà lọ́jọ́ méje, ẹ fi ra ọjà tó máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán. Kò sí àdúrà tó lè mú ìṣirò yẹn jọ.

POS

Òun ni gbogbo èèyàn rò pé ó rọrùn jù. Tábìlì, agboòrùn, ẹ̀rọ kékeré kan, ó parí. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é níwájú ilé wa ní Mọ́kọ́lá lẹ́yìn tí iléèwé bá ti jáde, nítorí náà ohun tí mò ń sọ níbí kì í ṣe àgbọ́sọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Owó yín wà níbi méjì: apá kan wà lọ́wọ́ yín ní bébà, apá kejì wà nínú àkántì tó so mọ́ ẹ̀rọ. Bí oníbàárà bá wá gba ₦10,000, owó tiẹ̀ á wọ inú àkántì yín, ẹ̀yin á fún un ní bébà. Bó bá wá fowó ránṣẹ́, bébà á wọ ọwọ́ yín, owó á jáde nínú àkántì. Owó yín ò pọ̀ sí i, kò dín, ó kàn ń ṣí láti ilé kan bọ́ sí èkejì ni. Èrè yín ni owó iṣẹ́ tí oníbàárà san. Ká ní ó san ₦200 lórí ₦10,000, kí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ sì yọ ₦50 tiwọn, ₦150 ló kù fún yín.

Ẹni tó gbé ₦100,000 bébà jókòó láàárọ̀ á dá èèyàn mẹ́wàá lóhùn, á rí ₦1,500, bébà á tán. Agogo mẹ́sàn-án lè má tíì lù. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: báwo ni owó inú àkántì yẹn ṣe máa padà di bébà? Ẹ lè lọ tò ní báǹkì, ẹ lè bẹ àwọn tó ń ta epo, ẹ sì lè bá àwọn ìyá aláta ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa kó owó ọjà wọn wá sọ́dọ̀ yín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbè mí jù. Ìyá aláta ò fẹ́ gbé owó sùn sílé, èmi ń wá bébà, a ò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa.

Ẹni tó bá rí bébà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ á fi ₦100,000 kan náà pa ₦4,500. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan á pa ₦1,500. Ẹ̀rọ kan náà, àdúgbò kan náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ẹni tó bá ní "POS ń mú iye báyìí wọlé" gbọ́, àfi tó bá sọ iye ìgbà tí owó rẹ̀ ń yí lójúmọ́ àti ibi tó ti ń rí bébà.

Ọ̀pọ̀ ló ra ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, torí ohun tí ojú wọn rí. Báǹkì àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, bébà ti di ohun tí èèyàn ń fi oògùn wá, àwọn oní-POS kan sì ń gba ₦2,000 lórí ₦10,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí ọdún á fi parí. Bébà padà dé díẹ̀díẹ̀, owó iṣẹ́ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ agboòrùn sì pòórá lójú ọ̀nà.

Òfin náà ti yí padà láti ìgbà yẹn. Ní 2024, wọ́n ní kí àwọn oní-POS forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, báǹkì àpapọ̀ fi gbèdéke lé e: oníbàárà kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́, oní-POS kan ò sì gbọdọ̀ san ju ₦1,200,000 lọ lójúmọ́. Tí a bá fi ₦150 tiwa yẹn ṣírò, ẹni tó bá san án dé góńgó á rí ₦18,000. Èmi ò dé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ tó dáa jù fún mi, mo rí ₦5,000 àti díẹ̀.

Mo tún ní láti sọ ti alẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó pè mí ní màmá, ó ní òun ti fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí àkántì mi. Fóònù mi dún, mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì, mo ka bébà fún un. Mi ò ṣí àkántì wò, torí èrò pọ̀. Kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé. Ẹ fi ₦20,000 pín sí ₦150: èèyàn 134 ni mo ní láti dá lóhùn kí n tó padà síbi tí mo wà kí ọmọ yẹn tó dé. Láti ọjọ́ náà, iye tó wà nínú àkántì gan-an ni mò ń wò kí n tó na ọwọ́, bí ẹni tó dúró níwájú mi tilẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ wa.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì

Owó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní ohun tó lè ṣe: títẹ ìwé, yíya àwòrán ìpolówó, ṣíṣe fídíò, títúmọ̀ èdè. Ẹ má kàn pè é ní owó kíákíá. Lórí Fiverr, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà káàkiri ayé, tí ẹ bá ṣiṣẹ́ dọ́là 10, dọ́là 2 ni wọ́n máa yọ, ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí sì ni dọ́là 8 tó kù máa tó ṣeé gbà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kí báǹkì tó mú tiẹ̀. Ó sì lè tó oṣù méjì kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó kàn sí yín. Tí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí bá ń dà yín láàmú, ẹ wá áyọ́ọ̀nù.

Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní iṣẹ́ àmọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ibi tí owó kọjú sí. Iṣẹ́ tòótọ́, owó ń ti ọwọ́ oníṣẹ́ wá sọ́wọ́ yín. Gbájúẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sanwó: owó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́, owó "láti gòkè sí VIP." Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wo fídíò, wọ́n á fún yín ní ₦500 lọ́jọ́ kìíní kí ọkàn yín lè balẹ̀, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ní kẹ́ ẹ san ₦20,000 kí ẹ lè máa rí ₦5,000.

MMM, ètò tó ní kéèyàn fowó sílẹ̀ kó máa wò ó bó ṣe ń pọ̀ sí i, ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ₦10,000 síbẹ̀ tí kò mú nǹkan kan, tí owó sì ń bímọ lé ọmọ, á ní ohun tó lé ní ₦230,000 lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún méjì á lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Òwò wo ni wọ́n ń ṣe láyé yìí tó ń sọ ₦10,000 di mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dún méjì? Ní oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó gbogbo èèyàn. Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX, ètò ìdókòwò èké orí íntánẹ́ẹ̀tì, tún ṣe bẹ́ẹ̀, níbí ní Ìbàdàn àwọn èèyàn sì ya wọ ọ́fíìsì tó wà ní Òkè-Àdó, wọ́n ń kó àga. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun tó sọ irú òwò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Àga ò lè dípò owó.

Ìwé kékeré kan

Yorùbá máa ń ní orí èèyàn pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tó sì dá owó kálukú padà láìṣì. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ̀yin kọ́, èmi náà kọ́. Ẹ ra ìwé ₦200, ẹ pín ojú ewé sí méjì, ohun tó wọlé lápá kan, ohun tó jáde lápá kejì, títí kan omi tútù tí ẹ rà mu nídìí ọjà.

Olùkọ́ tó wá bá mi yẹn, áyọ́ọ̀nù ló padà lọ rà. Alẹ́ Ẹtì ló ń gba aṣọ àwọn ará ilé tó ń gbé, ₦200 lórí ẹ̀wù kan, òru ló sì ń lọ̀ ọ́ torí ìgbà yẹn ni NEPA máa ń mú iná wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú ìwé tiẹ̀ wá fún mi wò. Aṣọ 46, ₦9,200. Owó iná, ₦1,100. Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá kan tó jó, ₦3,500. Ó bi mí pé ṣé abẹ́ ìnáwó ni kí òun kọ ti ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sí, àbí kí òun máa kà á sí owó ilé ẹ̀kọ́. Mo ní abẹ́ ìnáwó.